“Wassail” kì í ṣe “wá sílé”

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àríyànjiyàn o. Láti ọjọ́ Àìkú ni mo ti ń kà yín, mo ń rẹ́rìn-ín, mo sì ń pa ẹnu mọ́. Àbúrò wa kan tó ń túmọ̀ ìtàn Kérésì sí Yorùbá ló bá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ náà, wassail, tí wọ́n ń fi pe ìkíni, ọtí àti orin ojúlé dé ojúlé ìgbà Kérésì, pàdé, ó ní kí a bá òun wá orúkọ fún un. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọ̀nà ti pín sí mẹ́ta. Àwọn kan ní “ọtí ọdún”. Àwọn kan ní “àríyá”. Ẹ̀gbọ́n wa kan wá já wọ̀ ọ́, wọ́n ní ọ̀rọ̀ wa ni Òyìnbó kó lọ, pé “wá sílé” ni, torí pé ojúlé dé ojúlé ni àwọn tó ń ṣe é máa ń lọ.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi. Ó dùn létí, mo gbà. Àmọ́ ọ̀rọ̀ méjì lè jọra kí wọ́n má tan. Gẹ̀ẹ́sì ń pe ohun burúkú ní “bad”, àwọn ará Páṣíà náà ń pè é ní “bad”, bẹ́ẹ̀ ibi tí tọ̀hún ti ṣẹ̀ kò bá tibí pàdé rárá. Bí a bá fẹ́ mọ ìdílé ọ̀rọ̀, bó ṣe ń dún lẹ́nu lónìí kọ́ la ó wò. Ìrísí rẹ̀ nígbà tó ṣì kéré la ó wò.

Ẹ jẹ́ ká lọ wò ó nígbà náà. Ní nǹkan bí ọdún 1136, Geoffrey ará Monmouth kọ ìtàn àwọn ọba ilẹ̀ Britain ní èdè Látìn. Ó ní Vortigern, ọba àwọn Briton, wà níbi àsè tí Hengist, olórí àwọn Saxon tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, sè fún un. Ọmọ Hengist obìnrin, tí wọ́n wá ń pè ní Rowena nígbà tó yá, jáde láti inú yàrá pẹ̀lú ife wúrà tí wáìnì kún inú rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ níwájú ọba, ó ní: “Lauerd king, wacht heil!” Ọba wo ojú ọmọ náà, orí rẹ̀ dàrú, àmọ́ kò gbọ́ nǹkan tó sọ. Ó bá yíjú sí ògbufọ̀ rẹ̀, ó bi í pé kí ni wọ́n ń wí, kí sì ni òun máa fi dáhùn. Ògbufọ̀ ní, “Ọba ló pè yín, ó sì kí yín tẹ̀yẹtẹ̀yẹ. Ẹ dá a lóhùn pé ‘drinc heil’.” Ọba sọ ọ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ó ní kí ọmọ náà mu, ó gba ife, ó fẹnu kò ó lẹ́nu, òun náà mu. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀, torí ọmọ yẹn ló fẹ́, ilẹ̀ ló sì fi san án.

Èmi kò ní búra pé ó ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nǹkan bí 700 ọdún ló wà láàárín àsè yẹn àti ọjọ́ tí Geoffrey mú kálàmù, ọkùnrin náà sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi iyọ̀ sí ọbẹ̀ ìtàn. Ohun tó kàn wá ni pé ọ̀rọ̀ náà ti wà lórí ìwé ní 1136, ní ìrísí “wacht heil”, kò sì sí Yorùbá kankan tó ń kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni ní etí odò Thames nígbà náà. Ẹ tún kíyè sí i pé iṣẹ́ tí àbúrò wa ń ṣe yìí ti wà nínú ìtàn ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀: ògbufọ̀ ni ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ bi ní ìtumọ̀ rẹ̀!

Ẹ jẹ́ ká tú u wò. Nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, “wes hāl” ni. “Wes” ni ọ̀rọ̀ àṣẹ láti ara “wesan”, èyí tó túmọ̀ sí kí nǹkan wà, kó máa jẹ́. Ìbátan rẹ̀ ni “was” tí Gẹ̀ẹ́sì ń lò títí dòní. “Hāl” ni kí ara pé, kó dá ṣáṣá. Àpapọ̀ wọn kì í ṣe ti ọtí rárá níbẹ̀rẹ̀. Ìkíni ni. Nínú Beowulf, ewì Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ kan, nígbà tí akọni inú rẹ̀ dé ààfin, ohun tó fi kí ọba ni “Wæs þū, Hrōðgār, hāl”, kò sì sí ife lọ́wọ́ rẹ̀.

Ibi tó wá dùn jù fún mi nìyí. “Hāl” àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn kò di “hail” nígbà tí èdè wọn ń yí padà. “Stān” di “stone”, “bān” di “bone”, “hāl” náà sì di “whole”. Ká ní ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì pọ́ńbélé ni, “wassole” ni à bá máa pè é lónìí. Ìró “ail” tó wà níparí rẹ̀ ló tú àṣírí: “heill” ni, ọ̀rọ̀ Norse, ti àwọn ará Denmark àti Norway tó wá tẹ̀dó sí ìlà oòrùn àti àríwá ilẹ̀ England láti ọ̀rúndún kẹsàn-án lọ. “Ves heill” ni tiwọn. Lọ́dọ̀ wọn náà, ìkíni ni. Ilẹ̀ England, níbi tí èdè méjèèjì ti jọ ń mu nínú ife kan, ni ó ti di ọ̀rọ̀ ìdí ọtí. Ẹ̀gbọ́n, kò sí “sí” níbẹ̀, kò sì sí “ilé”. (Ẹni tó ní ó jọ “sail”, pé àwọn awakọ̀ ojú omi ló ni ín, ẹ fi ọkọ̀ yẹn gúnlẹ̀ síbí.)

Nítorí náà, àdúrà ni ọ̀rọ̀ náà, àdúrà tó sì ń retí èsì ni. Ta ni yóò kọ́ Yorùbá ní ìyẹn? Bí ẹnì kan bá ní “ẹ kú ọdún”, tí o wá dákẹ́, àwọn tó wà níbẹ̀ á máa wò ọ́ bóyá o ń ṣàìsàn. Èsì ni “ọdún á yabo”, kí gbogbo ilé sì gbà á pé “àṣẹ”. Nídìí ìsọmọlórúkọ, a kì í ṣàdédé gbé ọtí mu. A ó ní, “Ọtí rèé o, ọtí kì í tí, ọmọ yìí kò ní tí.” Ẹ̀yin tí ẹ ti rí ìyàwó tó kúnlẹ̀ gbé ife fún ọkọ lọ́jọ́ ìgbéyàwó, àlàyé wo la tún fẹ́ ṣe fún yín nípa Rowena?

Mo mọ̀ pé àwọn ẹgbẹ́ “àríyá” á ní kò dúró síbẹ̀. Lóòótọ́, kò dúró. Wace, akéwì ará Normandy, kọ ọ́ pé ní alẹ́ tó ṣáájú ogun Hastings ní 1066, níbi tí àwọn ará Normandy ti ṣẹ́gun England, mímu ni àwọn ọmọ ogun England ń mu, tí wọ́n ń pariwo “wesseil” àti “drincheheil” síra wọn. Lẹ́yìn bí ọgọ́rùn-ún ọdún sí ogun yẹn, Nigel, àlùfáà kan ní Canterbury, ń yẹ̀yẹ́ àwọn ọmọ England tó ń kàwé ní Paris, pé ìwà wọn ì bá dára bí kì í bá ṣe ti “wessail” àti “dringail”. Nígbà tí Shakespeare fi máa gbé e sí ẹnu Hamlet, ìkíni ti kúrò nínú rẹ̀. Àṣemọ́jú ọba tó ń mutí kiri ààfin ló kù. “Àríyá” tọ́ fún ibẹ̀ yẹn. Kò tọ́ fún Rowena.

Ó tún di orúkọ ọtí fúnra rẹ̀, àti ti abọ́ igi ńlá tí wọ́n ń bù ú sí. Bíà gbígbóná ni, pẹ̀lú ṣúgà, atalẹ̀, nọ́tímẹ́ẹ̀gì, àti èso ápù tí wọ́n sun títí tó fi bẹ́, tí ẹran inú rẹ̀ léfòó funfun sójú ọtí. Irun ọ̀dọ́ àgùntàn, “lambswool”, ni wọ́n ń pe èyí tó ní ápù yìí nítorí funfun yẹn. Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Charles Vallancey dìde, ó ní kì í ṣe irun àgùntàn rárá, pé gbólóhùn èdè Ireland ni, “la mas ubhal”, ọjọ́ èso ápù. Àwọn onímọ̀ èdè kò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò rí i pé ẹ ní ẹgbẹ́? Òyìnbó pàápàá ní “wá sílé” tirẹ̀.

Ti ojúlé dé ojúlé tí gbogbo yín ń tọ́ka sí, ẹ̀yìn ni ó dé. John Selden, amòfin tó kú ní 1654, ráhùn nípa rẹ̀. Ó ní àwọn ọmọbìnrin á gbé ife wassail wá bá ọ lọ́dún tuntun, o ní láti mu omi rádaràda kan níbẹ̀, àmọ́ ohun tí wọ́n ń sọ gan-an ni pé kí o mú owó jáde, ìlọ́po mẹ́wàá iye tó tó. Àwọn ọmọdé àdúgbò tí wọ́n ń kí wa kú ọdún Iléyá láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, kí ni wọ́n ń sọ?

Ti igi ló jẹ́ ìyanu. Ní Somerset, Devon àti Herefordshire, níbi tí wọ́n ti ń fi ápù ṣe ọtí sáídà, wọ́n ń ṣe wassail fún igi. Ní abúlé Carhampton, Somerset, 17 Oṣù Kìíní ni tiwọn. Wọ́n á yí igi ápù kan ká, wọ́n á da sáídà sí gbòǹgbò rẹ̀, wọ́n á fi búrẹ́dì yíyan tí wọ́n rì sínú sáídà há àárín ẹ̀ka fún ẹyẹ robin, wọ́n á yìnbọn gba orí igi kọjá láti lé ohun búburú, kí igi lè so dáadáa. Kí ló dé tó fi jẹ́ 17? Ní 1752, ìjọba Britain yí kàlẹ́ńdà padà, wọ́n yọ ọjọ́ 11 dànù. 2 Oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n sùn sí, 14 ni wọ́n jí bá. Àwọn àgbẹ̀ kò gbà pé igi gbọ́ nípa òfin yẹn. Ọjọ́ àtijọ́, 6 Oṣù Kìíní, ni wọ́n dì mú, òun ló bọ́ sí 17 lórí kàlẹ́ńdà tuntun.

Ó wá ku ti àbúrò wa. Ẹni tó dá “Wàkóle” sílẹ̀, pé “wà, kó o le”, ọgbọ́n ni, torí “wà” bá “wes” mu régí. Àmọ́ ẹ yọ àmì ohùn kúrò, bí ọ̀pọ̀ wa ṣe ń kọ̀wé lórí fóònù, kí ẹ sì kà á fún mi. “Wá kólé.” Ẹ fẹ́ kí olórin Kérésì dúró lẹ́nu ọ̀nà olówó láàárín òru kó máa kígbe pé kí wọ́n wá kó ilé! “Ọtí ìlera” tí ẹlòmíràn mú wá náà kò jọ mí lójú. Ẹni tó bá gbọ́ ọ á rò pé paraga inú gáréèjì ni.

Ohun tí mo mú wá nìyí. Níbi tó bá ti jẹ́ ìkíni, “Máa lera!” “Máa” gbé “wes” dúró dáadáa, kí nǹkan wà kó sì máa bá a lọ bẹ́ẹ̀, “lera” sì ni “heill”. Èsì rẹ̀ ni “Mu, kí o lera!” Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ kò ní “ẹ” ọ̀wọ̀, “wes” kan náà ni ọmọbìnrin á fi kí ọba àti ọ̀rẹ́ rẹ̀. Tiwa kò lè rí bẹ́ẹ̀. Rowena gbọ́dọ̀ sọ pé “Ẹ máa lera, Kábíyèsí”, kí ọba dá a lóhùn pé “Mu, kí o lera”, kí olùkàwé Yorùbá sì tipa bẹ́ẹ̀ rí ohun tí Látìn Geoffrey fi ìkúnlẹ̀ nìkan sọ. Fún igi, “wíwúre fún igi ápù” ti tó. Fún abọ́ àti ọtí inú rẹ̀, mo gbà kí a yá ọ̀rọ̀ náà bó ṣe wà, wáséèlì, bí a ṣe yá bíà.

Ìkan ló ṣì ń yọ mí lẹ́nu. “Drinc heil” jẹ́ sílébù méjì péré, ẹni tó ti yó lè sọ ọ́. “Mu, kí o lera” gùn jù fún ẹnu tó ti wúwo. Mo gbìyànjú “Mu lera”, ó ṣe kúkúrú, àmọ́ ó dún bíi pé èèyàn ń mu ìlera bí ẹni mu ẹ̀kọ. Ẹni tó bá rí èyí tó sàn jù ú lọ, kó jù ú sílẹ̀.