Ọmọ mi ń lọ bọ́dìn ọkùnrin ní Iléṣà: irú èèyàn wo làwọn síníọ̀ ibẹ̀?

Mama Ìsọ̀kùn:

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan ló ń jẹ mí lọ́kàn. Ọmọ mi ọkùnrin pé ọdún mọ́kànlá, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe tán ní práímárì, bàbá ẹ̀ ti sanwó sí ilé-ìwé ọkùnrin nìkan kan níbí ní Iléṣà, bọ́dìn ni, oṣù kẹsàn-án ló máa wọlé. Bàbá ẹ̀ náà ṣe bọ́dìn nígbà tiẹ̀, ojoojúmọ́ ló ń fi ìtàn àwọn síníọ̀ ẹ̀ dá ọmọ yẹn lára yá, èyí tó mọ bọ́ọ̀lù gbá, èyí tó ń jà fún wọn, èyí tí òyìnbó ẹnu ẹ̀ ń ba olùkọ́ lẹ́rù. Inú ọmọ ti ń dùn, ó ti ń ka ọjọ́. Àmọ́ ohun tí mo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ìyá ẹgbẹ́ mi lọ́jà yàtọ̀ pátápátá, wọ́n ní síníọ̀ á gba gàrí ẹ̀, wọ́n ní á máa fọ aṣọ oníaṣọ, wọ́n ní wọ́n á máa jí i lóru rán an níṣẹ́, ọmọ tí ò tíì sùn níbòmíì rí àfi ọ̀dọ̀ ìyá mi. Dé-sìkúùlù lèmi lọ ní tèmi, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe bọ́dìn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbébẹ̀, irú èèyàn wo làwọn síníọ̀ yìí? Kí ni wọ́n ń ṣe láti àárọ̀ dalẹ́? Kí ló yẹ kí n béèrè kí n tó fa ọmọ mi lé wọn lọ́wọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn sọ fún mi pé á dáa. Òótọ́ ni mo fẹ́.

OmoOwaOmoEkun:

Mama, ẹ kú àníyàn ọmọ o, Ọlọ́run á bá yín wò ó. Bọ́dìn ọkùnrin lèmi náà ṣe láti fọ́ọ̀mù wáànù dé fọ́ọ̀mù fáìfù, a ti wọlé kí 6-3-3-4 tó bẹ̀rẹ̀ ní 1982, a ò mọ nǹkan tó ń jẹ́ JSS. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mọ̀ ni pé ìwà síníọ̀ kan ò jọ ti ìkejì, ipò tí wọ́n bá sì fi í sí ló máa ń tú ìwà ẹ̀ síta. Pírífẹ́ẹ̀tì là ń pe àwọn síníọ̀ tí ilé-ìwé fún ní ipò. Síníọ̀ Pírífẹ́ẹ̀tì tiwa, ìyẹn olórí gbogbo wọn, a kì í fi bẹ́ẹ̀ rí i, asẹ́ḿbílì àárọ̀ la ti ń rí i, á dúró lẹ́yìn pírínsípà, ọ̀rọ̀ ẹ̀ ò pọ̀. Láíbìrì Pírífẹ́ẹ̀tì ò bá ẹnikẹ́ni fà á, ìwé ló ń kà. Gémù Pírífẹ́ẹ̀tì ni gbogbo júníọ̀ ń tẹ̀ lé kiri torí tó bá ti di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ òun ló máa kó wa lọ sí pápá, tí íntá-háòsì bá sì ti ń bọ̀ kò sẹ́ni tó tó bẹ́ẹ̀ láti rán júníọ̀ tó mọ eré sá níṣẹ́kíṣẹ́ mọ́, á ní ẹ fi í sílẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀ la fẹ́ lò.

Àwọn méjì tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ ni Lébọ̀ àti Fúùdù. Lébọ̀ Pírífẹ́ẹ̀tì ló ń pín pọ́ṣọ̀n, ìyẹn ibi tí ẹnì kọ̀ọ̀kan á ti gé koríko. Láàárọ̀ Sátidé gbogbo wa á tò pẹ̀lú àdá lọ́wọ́, òun á máa fẹsẹ̀ wọn ilẹ̀, ìṣísẹ̀ mẹ́wàá fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, á ri igi mọ́lẹ̀ níbi tó parí sí, "tìẹ rèé, tìẹ rèé." Ọdún tí mo wà ní fọ́ọ̀mù wáànù, ẹni tó wà nípò yẹn ga gan-an, ẹsẹ̀ ẹ̀ gùn, àmọ́ tó bá ti kan àwa kékeré á gé ìṣísẹ̀ kúrú, ibi tí eèsún ti ga ju èèyàn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ odi, àwọn fọ́ọ̀mù fọ́ọ̀ ló ń kó o fún. Kò sí olùkọ́ kankan tó ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e ẹlòmíì gbà á, òun ń ta pọ́ṣọ̀n ni, tó o bá ti fún un ní mílíìkì agolo kan wàá rí ibi tí koríko ò sí. Ilé-ìwé kan náà o, pírínsípà kan náà, òfin kan náà.

Fúùdù Pírífẹ́ẹ̀tì ní tiẹ̀, ojú abọ́ lẹ ti máa mọ̀ ọ́n. Nígbà tiwa síníọ̀ tó jókòó sí òkè tábìlì ló ń bu oúnjẹ, abọ́ á máa lọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, tó bá fi máa dé ọ̀dọ̀ júníọ̀ tó kẹ́yìn, omi ọbẹ̀ ló kù, ẹran ti tán. Ọ̀kan wà nínú àwọn Fúùdù Pírífẹ́ẹ̀tì tí kì í jókòó jẹun títí á fi yí gbogbo dáínìn-họ́ọ̀lù po. Ìsàlẹ̀ tábìlì ló máa ń kọ́kọ́ wò. Tó bá rí i pé ẹ̀wà ò dé ọ̀dọ̀ àwọn kékeré dáadáa, á gba ṣíbí ìpọnbẹ̀ lọ́wọ́ síníọ̀ yẹn, ọ̀rẹ́ ẹ̀ ni o, á ní kí gbogbo abọ́ padà wá, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í bù ú láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Mo ti dàgbà báyìí, mo ti láwọn ọmọ tèmi, mo ṣì ń ṣàdúrà fún ọkùnrin yẹn.

Ará_Lágere:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọpọlọ pípé, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ kí màmá gbọ́ apá kejì náà. Ilé-Ifẹ̀ níbí lèmi ti ṣe tèmi, mi ò ní dárúkọ ilé-ìwé. Inú ọyẹ́, JSS1 ni mo wà, síníọ̀ kan wá sí kọ́nà wa lálẹ́, ó wo kúbùsù mi, ó ní òun fẹ́ yá a. Ṣé ẹ mọ̀ pé ó yá a títí táámù fi parí. Aṣọ ìnura ni mo ń fi bora, tí òwúrọ̀ bá mọ́ ẹsẹ̀ mi á ti kú. Mo fẹ́ lọ fẹjọ́ sun ọ̀gá háòsì, ta ni màá fẹjọ́ sùn, ìgboro ló ń gbé, tó bá ti di aago mẹ́fà ó ti lọ. Láti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ títí di àárọ̀ ọjọ́ kejì àwọn ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni ìjọba, wọ́n lè ní kó o kúnlẹ̀, wọ́n lè ní kó o "píkì pín", kó o tẹ̀ ba, fi ìka kan ilẹ̀, gbé ẹsẹ̀ kan sókè, títí ẹ̀jẹ̀ á fi sọ̀ kalẹ̀ sójú ẹ, wọ́n lè ní kó o pọn omi kún búkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta kó o tó pọn tìẹ.

Ohun tó ń bí mi nínú ni báwọn èèyàn ṣe máa ń sọ pé ìyẹn ló sọ wá di ọkùnrin. Rárá o. Èyí tí mo rí ni pé àwọn tí wọ́n fìyà jẹ jù nínú wa, nígbà táwọn náà dé SS2, àwọn gan-an ló le jù lọ. Mo rí i pẹ̀lú ojú mi, ọmọ tá a jọ sunkún pọ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná, òun ló wá ń gba kúbùsù lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ó dùn mí dọ́kàn.

Mama, ẹni tó ń sùn nínú ọgbà yẹn lálẹ́ ni kẹ́ ẹ béèrè. Ẹ fi ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì ilé-ìwé sílẹ̀.

Tíṣà_Ìrẹmọ:

Ọ̀rọ̀ Ará_Lágere yẹn ló wọ̀ mí lára jù. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mò ń ṣe, mo sì ti ṣe háòsì-másítà rí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ètò yìí ti wá, ó máa yé màmá dáadáa ohun tó ń wá.

Ìlú òyìnbó ni ètò pírífẹ́ẹ̀tì ti wá. Bọ́dìn àwọn ọmọkùnrin wọn nígbà náà, àwọn ọmọ ńlá ló ń jọba lé àwọn kékeré lórí, ìjà, ọtí, gbogbo ẹ̀ ló wà ńbẹ̀. Thomas Arnold wá di ọ̀gá ilé-ìwé kan tó ń jẹ́ Rugby ní 1828, ó rí i pé òun ò lè mú agbára yẹn kúrò lọ́wọ́ wọn, ló bá kúkú fi àṣẹ lé àwọn ọmọ síkísì fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ ní gbangba, àmọ́ ó ń pè wọ́n jókòó, òun fúnra ẹ̀ ló ń kọ́ wọn, ó sì ń wàásù fún wọn lọ́jọ́ Sunday. Àwọn ilé-ìwé míì ń wo tiẹ̀ ṣe. Àwọn míṣọ́nnárì àti ìjọba amúnisìn ló gbé e wá bá wa. Nígbà tí Ọọ̀ni Adérẹ̀mí fi máa dá Oduduwa College sílẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1932, tí Ẹgbẹ́ Àtúnlùúṣe Ilé Ìjẹ̀ṣà sì dá Ilesa Grammar School sílẹ̀ ní 1934, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é láwọn sẹ́kọ́ńdìrì tó wà káàkiri.

Ẹ kíyè sí i pé àgbàlagbà wà lórí àwọn ọmọ yẹn nínú ètò ọ̀hún. Ibi tó ti ń bàjẹ́ lọ́dọ̀ wa nìyẹn, a mú báàjì, a fi àgbàlagbà sílẹ̀. Tí olùkọ́ ò bá tó, tí owó oṣù ò lọ déédéé, háòsì-másítà á ní kí háòsì kápútìn bá òun mójú tó o, òun á lọ wá ti ẹnu ẹ̀ jẹ. Mo ti rí ọmọ SS3 kan tí wọ́n fi ọgọ́ta ọmọ sí lọ́wọ́, òun náà ń múra WAEC lọ́wọ́, ẹ sọ fún mi, kí ló máa ṣe tí kò ní pariwo, tí kò ní lu ẹnikẹ́ni? Mo tún fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé 2003 ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe fìyà tó ń ṣeni léṣe tàbí tó ń tẹ́ni jẹ ọmọdé, torí náà tẹ́ ẹ bá fẹjọ́ sùn, ẹ ò bẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ̀tọ́ ọmọ yín ni.

SS3_Ṣẹ̀ṣẹ̀Jáde:

Ẹ kú alẹ́ mà, ẹ kú alẹ́ sà, ẹ̀yin àgbà. Èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni, háòsì kápútìn ni wọ́n fi mí ṣe, torí náà ti ìsinsìnyí ni mo lè sọ. Aago márùn-ún ààbọ̀ ni agogo ń lù, àwa la máa jí àwọn JSS, ká rí i pé wọ́n wẹ̀, pé wọ́n tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, lẹ́yìn náà àdúrà, kíláàsì, oúnjẹ ọ̀sán, siesta, gémù, prep àṣálẹ́, aago mẹ́wàá iná kú. Lọ́jọ́ Sátidé pọ́ṣọ̀n àti ínsípẹ́ṣọ̀n, ìrọ̀lẹ́ ẹ̀ bọ́ọ̀lù tàbí dìbéètì. Àwọn síníọ̀ kan wà nínú JETS, kíláàbù sáyẹ́ǹsì, àwọn kan ń kọ pírẹ́ẹ̀sì kíláàbù, àwọn kan ń darí féló̩ṣíìpù, àwọn kan ló ń kó àwọn Mùsùlùmí lọ Jímọ̀. Tí wọ́n bá kó wa lọ wo omi Olúmirin ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, síníọ̀ kọ̀ọ̀kan á di ọwọ́ JSS1 méjì mú gun òkè yẹn, torí òkúta ibẹ̀ ń yọ̀.

Mà, ohun tí mo rí tí ẹnikẹ́ni ò tíì sọ ni pé SS3 kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ júníọ̀ lẹ́nu, ọkàn wọn ti wà nínú WAEC àti JAMB, ọ̀pọ̀ wọn kàn fẹ́ sùn ni. Àwọn SS2 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba báàjì ní táámù kẹta, àwọn ni kí ọmọ yín ṣọ́ra fún, báàjì yẹn máa ń gbóná lára wọn fún ìgbà díẹ̀.

Ẹ sì sọ fún un kó má fi ojú yan síníọ̀. Sáníṣáárì Pírífẹ́ẹ̀tì wa, ojú ẹ̀ le, kì í rẹ́rìn-ín, tí àwọn JSS bá rí i wọ́n á gba ibòmíì. Àmọ́ lóru tí ibà mú ọmọ kan nínú háòsì wa, tó ń bì, òun ló pọ̀n ọ́n lọ sí síkì-bé, ó jókòó tì í títí ilẹ̀ fi mọ́, ó fọ bẹ́ẹ̀dìṣíìtì ẹ̀ kí àwọn tó kù tó jí kí wọ́n má bàa fi ọmọ ṣe yẹ̀yẹ́. Síníọ̀ tó sì ń bá gbogbo júníọ̀ ṣeré, tó ń pè wọ́n ní "ọmọ mi, ọmọ mi", òun la bá kọ́ńfíléèkì ọlọ́mọ nínú lọ́kà ẹ̀.

Mama Ìsọ̀kùn:

Ẹ ṣeun ṣeun, ẹ ò ní ṣàníyàn tiyín. Mo ka gbogbo ẹ̀ fún bàbá ẹ̀, nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ kúbùsù yẹn ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, ó wá ní irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sóun náà, kò sọ fún mi rí látọjọ́ tá a ti fẹ́ra. A jọ ń lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, mo sì ti pinnu pé oúnjẹ ọ̀sán la máa bá, màá fẹ́ rí ìsàlẹ̀ tábìlì. Màá béèrè ẹni tó ń sùn nínú háòsì. Owó àpò àti próvísọ̀n ẹ̀ ńkọ́, ta ni kí n kó o fún?

Ará_Lágere:

Ẹ kó owó fún mátírọ́ọ̀nù, ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀, kó máa fún un díẹ̀díẹ̀. Próvísọ̀n, ẹ má kó púpọ̀ fún un lẹ́ẹ̀kan náà, lọ́kà tó kún ló ń pe olè. Kẹ́ ẹ sì bá a rán orúkọ ẹ̀ sára kúbùsù, òwú pupa ni kẹ́ ẹ lò, kó hàn.

Tíṣà_Ìrẹmọ:

Tẹ́ ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ ní ẹ fẹ́ rí háòsì kápútìn kí háòsì-másítà tó dé. Ẹ bi í pé ọmọ mélòó ló wà nínú háòsì ẹ̀, orúkọ àwọn JSS1 mélòó ló mọ̀. Tó bá ń dárúkọ wọn tó ń sọ èyí tó máa ń sunkún lálẹ́, ẹ fọkàn balẹ̀ díẹ̀. Tó bá jẹ́ pé "àwọn bọ́ìsì" ló ń pè wọ́n ṣáá, ẹ wo ibòmíì, owó tẹ́ ẹ ti san ò tó ìdí láti fi ọmọ sílẹ̀ níbẹ̀.