Bàbá mi, sójà tó ti fẹ̀yìn tì: báwo ni wọ́n ṣe lè máa bójú tó àtọ̀gbẹ wọn fúnra wọn?

Ìyá Ìbejì Asérò:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta. Ọ̀rọ̀ bàbá mi ni mo gbé wá. Wọ́n wà lára àwọn sójà ECOMOG, ìyẹn ẹgbẹ́ ọmọ ogun alápapọ̀ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, tó lọ sí Làìbéríà, sájẹ́ńtì ni wọ́n nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì. Àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń bá wọn fínra báyìí. Àwọn nìkan ló ń gbé ní Adátán, wọn ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa ṣọ́ wọn nítorí oògùn. Èmi náà ò fẹ́ ẹ. Ẹni tó ti ojú ogun bọ̀, ṣé èmi ọmọ wọn ló yẹ kí n máa dúró tì láàárọ̀ lálẹ́ pé "Bàbá, ẹ ti lo oògùn?"

Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé ibi tí wọ́n ti ń gba ìtọ́jú ju ẹyọ kan lọ. Ilé ìwòsàn kan ń wo ṣúgà, òmíràn ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru, dókítà tibí kò mọ ohun tí tọ̀hún kọ. Lóṣù tó kọjá, ẹsẹ̀ wọn wú. Mo da àpò oògùn wọn sórí tábìlì, mo rí Norvasc, mo tún rí páálí mìíràn tí wọ́n kọ amlodipine sí. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan náà ni méjèèjì! Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ fún wọn ni wọ́n ṣe ń lò ó. Dókítà ti yọ ọ̀kan, ẹsẹ̀ náà sì ti ń fọn.

Kí ni bàbá lè máa ṣe tí ìtọ́jú yìí yóò fi wà lọ́wọ́ àwọn fúnra wọn? Ààwẹ̀ sì ń bọ̀, wọ́n ti ní àwọn máa gbà á.

Nọ́ọ̀sì Ìbarà:
Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Ìbejì. Mò ń rí irú rẹ̀ gan-an lẹ́nu iṣẹ́, ó sì máa ń dùn mí, torí aláìsàn ò ṣe nǹkan kan tó burú. Amlodipine 10mg ni òpin fún àgbàlagbà lóòjọ́, ẹni tó bá ń lo páálí méjì lè kọjá ibẹ̀ láìmọ̀.

Ẹ ra ìwé táwọn ọmọ ilé ìwé ń lò fún bàbá. Àwọn ni kí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ ọ́. Kí wọ́n má kọ orúkọ gàdàgbà iwájú páálí, kékeré tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni kí wọ́n kọ, torí ìyẹn ni orúkọ oògùn gan-an. Kí wọ́n kọ ìwọ̀n rẹ̀ àti dókítà tó fún wọn. Dókítà yòówù tí wọ́n bá jókòó níwájú rẹ̀, ìwé yẹn ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbé sílẹ̀ kó tó mú bírò.

Tí wọ́n bá fẹ́ wo ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ nílé, kí wọ́n fẹ̀yìn ti àga, kí wọ́n gbé apá sórí tábìlì kó ṣe déédéé àyà, kí ẹsẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀, kí wọ́n dákẹ́ fún ìṣẹ́jú 5 kí wọ́n tó tẹ ẹ̀rọ. Ẹ mọ bí òkè ṣe pọ̀ ní Abẹ́òkúta wa. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun òkè délé, nọ́ńbà tó máa rí kì í ṣe tòótọ́.

Bàbá Sójà Alámàlà:
Ọmọ mi, Ọlọ́run á bá ọ tọ́jú bàbá rẹ. Èmi náà ti fẹ̀yìn tì, mo sì ní ṣúgà. Sọ fún wọn pé ẹsẹ̀ ni kí wọ́n máa ṣọ́. Nígbà tá a wà lẹ́nu iṣẹ́, tá a bá rìn jìnnà, wọn á ní ká bọ́ bàtà kí wọ́n yẹ ẹsẹ̀ wa wò. Mò ń ṣe é títí dòní. Mo ra dígí kékeré kan ní Kútọ̀, alaalẹ́ ni mo ń gbé e sábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ tí mo sì ń wo àárín ọmọ ìka. Ṣúgà máa ń pa ẹsẹ̀ kú, nǹkan lè gún èèyàn kó má mọ̀.

Ní ti ilé ìwòsàn, bí orúkọ wọn bá wà lọ́dọ̀ DHML, ìyẹn adójútòfò ìlera tiwa ológun, ilé ìwòsàn kan ni kí wọ́n fi ṣe ilé. Ibẹ̀ ni wọ́n á ti kọ ìwé fún wọn lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá dókítà níbòmíràn. Kí wọ́n rí i pé kóòdù, ìyẹn nọ́ńbà àṣẹ láti ọ̀dọ̀ DHML, ti jáde kí wọ́n tó gbéra, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àpò ara wọn ni wọ́n á fi san án. Bí orúkọ wọn ò bá sí níbẹ̀, ìpínlẹ̀ Ògùn ní OGSHIA, ìyẹn àjọ adójútòfò ìlera ti ìpínlẹ̀.

Kí wọ́n tún máa wá sáàárín àwa tá a jọ ṣiṣẹ́. Ohun tí wọn ò ní gbọ́ lẹ́nu ọmọ, wọ́n á gbọ́ ọ lẹ́nu ẹgbẹ́ wọn.

Kẹ́mísìtì Pánsẹ́kẹ̀:
Ẹ jẹ́ kí n fèsì lórí ààwẹ̀. Kí bàbá rí dókítà ṣáájú oṣù Ràmàdáánì, kó tún àkókò oògùn tò sí sààrì àti ìṣínu. Ìka tí wọ́n ń gún láti wo ṣúgà kò ba ààwẹ̀ jẹ́. Tí ṣúgà bá wálẹ̀ ju 70 mg/dL lọ, tàbí tó kọjá 300 mg/dL, kí wọ́n ṣínu lójú ẹsẹ̀, kì báà ku díẹ̀ kí oòrùn wọ̀. Bí dókítà bá ní kí wọ́n má tiẹ̀ gbà á, Kùránì ti yọ̀ǹda fún aláìsàn.

Ìyá Ìbejì Asérò:
Ẹ ṣeun gidi gan-an. Bàbá ti ka gbogbo rẹ̀ lórí fóònù mi. Wọ́n ní kí n bi Bàbá Sójà, ọjọ́ wo lẹ máa ń pàdé, ibo sì ni?