Kímò ò jẹ́ kí màmá mi jẹun mọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Alhaja, Ìlọrin
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀rọ̀ màmá mi ni. Jẹjẹrẹ ọmú ni, wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ, kímò, oògùn jẹjẹrẹ tí wọ́n ń fà sí wọn lára, la wà lẹ́nu ẹ̀ báyìí, ọjọ́ 21-21 la fi ń lọ gbà á, ẹlẹ́ẹ̀kejì la gbà ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Oògùn kan tó pupa wà nínú ẹ̀, ìtọ̀ wọn pọ́n lọ́jọ́ náà, àyà mi já, àfìgbà tí nọ́ọ̀sì ní àwọ̀ oògùn ni, kìí ṣe ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n báyìí ẹnu wọn ti bó, wọn ò lè gbé nǹkan mì, gbẹ̀gìrì tí wọ́n fẹ́ràn jù, wọ́n ní ó ń ṣe wọ́n lẹ́nu bí irin, èébì ò sì jẹ́ kí wọ́n sùn. Irun wọn ń já. Láàárọ̀ yìí mo kó o lórí ìrọ̀rí, ó kún ọwọ́ mi méjèèjì, mo sáré dì í sínú ọ̀rá kí wọ́n tó jí. Àǹtí wa wá gbé àgbo wá láti Ọjà Ọba pé yóò fọ oògùn yẹn jáde. Ṣé kí n fún wọn? Ara wọn tún ń gbóná díẹ̀, ó jọ pé ibà ni.

Ìyá Ìbejì Ọ̀ffà
Pẹ̀lẹ́ ọmọ mi, Ọlọ́run á fún wọn lálàáfíà. Èmi náà gba mẹ́fà gbáko. Ọ̀rọ̀ irin yẹn, òótọ́ ni wọ́n ń sọ o, ẹ má rò pé wọ́n ń ṣàkẹ́. Gbé ṣíbí irin tì, ra ṣíbí rọ́bà fún wọn. Oúnjẹ gbígbóná, òórùn ẹ̀ ló ń ru èébì sókè, jẹ́ kó tutù díẹ̀, bu ẹ̀kọ mímu kékeré fún wọn lóòrèkóòrè. Tí wọ́n bá ń dín ata nílé kejì, mo máa ń jáde lọ jókòó lábẹ́ igi ni. Oògùn èébì tí wọ́n fún wọn ńkọ́? Kí wọ́n lò ó kí èébì tó gbé wọn, bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Irun á hù padà, tèmi hù.

Bọ̀dá Ganmọ
Fúrá àti núnù (wàrà Fúlàní) tutù, ó dáa fún ẹnu tó bó.

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì, Ọmù-Àrán
Bọ̀dá, ẹ má bínú, núnù tí wọn ò sè kò dáa fún ẹni tó ń gba kímò, kòkòrò inú ẹ̀ lè dá wọn gúnlẹ̀. Àgbo náà, rárá, a ò mọ ohun tó wà níbẹ̀, ó lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ó sì lè da iṣẹ́ kímò rú. Má bá àǹtí jà, ire ni wọ́n ń wá, gbà á, kó o gbé e pamọ́. Ẹnu wọn: ṣíbí tíì kan iyọ̀ àti ṣíbí tíì kan bekin sódà sínú lítà omi lílọ́wọ́ọ́rọ́, kí wọ́n fi yọnu lẹ́yìn oúnjẹ àti kí wọ́n tó sùn, kí wọ́n tu ú dànù. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni o, kìí ṣe pákò.

Ṣùgbọ́n èyí tó ká mi lára jù ni ara gbígbóná tó o fi parí ọ̀rọ̀ yẹn. Láti ọjọ́ 7 sí 14 lẹ́yìn kímò ni ẹ̀jẹ̀ funfun tó ń bá àìsàn jà máa ń lọ sílẹ̀ jù, inú ẹ̀ ni màmá wà báyìí. Wá tẹmómítà nísinsìnyí. Tó bá ti tó 38, má fún wọn ní oògùn ibà, má fi parasitamọ́ọ̀lù bò ó, gbé wọn lọ ọsibítù lálẹ́ yìí, kó o sì sọ fún wọn lẹ́nu ọ̀nà pé kímò ni wọ́n ń gbà. Má dúró kí ilẹ̀ mọ́.

Ọmọ Alhaja, Ìlọrin
Mo ti rà á ní kẹ́mísì. 38.4 ni. A ti ń lọ.

Ọmọ Alhaja, Ìlọrin
Wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ wọn, wọ́n ti ń fa áńtíbáyọ́tíìkì sí wọn lára, wọ́n ní ká sùn síbí. Mọ̀mọ́ Nọ́ọ̀sì, mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ dúpẹ́, oògùn ibà ni mo ti fẹ́ lọ rà tẹ́lẹ̀ o. Ara wọn ti ń rọlẹ̀ díẹ̀. Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ bi mí pé ṣíbí rọ́bà tí Ìyá Ìbejì sọ yẹn, ṣé mo mú un dání.