Ẹ̀yin olùkọ́, ọmọ JS2 tí kò lè kàwé ń da kíláàsì mi rú

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà nínú iṣẹ́ olùkọ́. Ilé ẹ̀kọ́ girama ìjọba kan lẹ́bàá Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni mo ti ń kọ́ni. Ọmọ 63 ló wà ní kíláàsì mi, àmọ́ ọ̀kan ló ń dà mí láàmú.

Bí mo bá ti ní kí wọ́n ṣí ìwé báyìí, á bẹ̀rẹ̀ sí í fi bírò gún ẹnìkejì rẹ̀, tàbí kó máa sín mi jẹ. Gbogbo kíláàsì á bú sẹ́rìn-ín. Mo ti nà án rí (mi ò fi yangàn o), kò yí padà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo dá a dúró lẹ́yìn ìjáde, mo ní kó ka gbólóhùn kan fún mi. Kò lè kà á. Ti Yorùbá gan-an, ńṣe ló ń ṣa lẹ́tà bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. Àṣé ìtìjú ló ń fi ariwo bò! Bẹ́ẹ̀, nídìí bọ̀ọ̀lì ìyá àgbà rẹ̀, bí ẹ bá fún un ní 2,000 náírà, kí ẹ tó ṣẹ́jú, ó ti ka ṣéńjì yín. Ìyá àgbà ní, "Tíṣà, ẹ ṣá máa bá mi nà án."

Ìdánwò JS3 ń bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò ní mọ̀ pé a, b, d ni mò ń kọ́ ọ? Lọ́jọ́ tí mo ní kó máa pín ìwé, ó jókòó jẹ́ẹ́. Ṣé kí n sọ ọ́ di iṣẹ́ rẹ̀ ni, àbí àwọn tó kù á ní mò ń ṣègbè?