Màrìwò ọ̀pẹ mi yọ sọ́wọ́ mi lẹ́yìn òtútù

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ọ̀pẹ Trachycarpus fortunei mi (irú ọ̀pẹ kan tó lè fara da òtútù) ti lo ọdún 4 nínú ilẹ̀, ó sì ti fara da yìnyín rí. Lọ́tẹ̀ yìí, òjò wọ̀ ọ́ lórí, omi sì dì sínú rẹ̀. Nígbà tí mo rọra fa màrìwò àárín, ńṣe ló yọ sọ́wọ́ mi: ìdí rẹ̀ ti rà, ó ń rùn. Ó dùn mí dọ́kàn, torí imọ̀ tó kù ṣì tutù yọ̀yọ̀. Mo ti da oògùn kọ́pà tó ń pa kòkòrò àrùn ewéko sí ihò náà, mo sì bò ó kí omi má wọ̀ ọ́ mọ́. Ṣé kí n gé orí rẹ̀ débi tí inú rẹ̀ ṣì funfun, tí kò tíì rà, àbí kí n mú sùúrù dìgbà ooru?