Sọ́jà tó lọ sógun tí kò dé: ṣé ká ka orúkọ rẹ̀ lọ́jọ́ ìlú?

Àbẹ̀kẹ́_Akọ̀wé

Ẹ kú ọyẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ètè mi ti ń la, mo fi mọ̀ pé ọdún ti ń lọ sópin. Èmi ni akọ̀wé kọmítì ọjọ́ ìlú wa, lápá Omù-Àrán níbí. Mi ò ní dárúkọ ìlú, torí àwọn kọmítì náà ń ka ibí yìí. Lọ́jọ́ kejì Kérésì la máa ń ṣe é. Àwọn ará Èkó, Àbújá àti Ìlọrin á ti wálé, a ó jẹun, a ó ta ayò, màá ka orúkọ àwọn tí kò lè wá, a ó dá owó. Lọ́dún yìí, Kábíyèsí ní ká fi àwọn sọ́jà ìlú tó ti kú kún un, ká pe orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo èèyàn dìde.

Ọ̀rọ̀ náà wù mí gan-an. Bàbá tó bí ìyá mi ja ogun Bọ́mà. Gbogbo ohun tó kù nílé wa nípa ogun yẹn wà nínú agolo Bournvita kan nísàlẹ̀ àpótí: ìràwọ̀ onígun mẹ́fà tó rí bíi bàbà, tòun ti ríbọ́nì rẹ̀ tó dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́, tó pupa láàárín. Kò sí orúkọ bàbá lára rẹ̀. Bí olè bá gbé e lónìí, mi ò ní ẹ̀rí kankan pé tiwa ni. Ṣùgbọ́n bàbá padà wálé, orí ibùsùn rẹ̀ ló kú sí ní 1981, a mọ ibi tí a sin ín sí. Orúkọ tirẹ̀ ò ní wàhálà.

Orúkọ 14 la kọ. Ọ̀kan nínú wọn ló gbé mi wá síbí. Ó wọṣẹ́ ológun ní 1967, ó kọ lẹ́tà kan ṣoṣo wálé, ó tán. Ìjọba ò kọ̀wé, ẹnikẹ́ni ò wá sọ pé òun rí i nígbà tó ṣubú. Ìyàwó rẹ̀ ṣì wà, ó ti ń sún mọ́ ọgọ́rin ọdún. Mo fi ìdùnnú lọ bá a, mo rò pé ire ni mo gbé lọ. Màmá ń sáṣọ lọ́wọ́. Sányán tí ọkọ rẹ̀ wọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn ni. Lọ́dọọdún tọ́yẹ́ bá dé, á gbé e síta, á gbọn káńfọ̀ inú rẹ̀ dànù, á fi ọwọ́ tọ ojú rírán rẹ̀ bóyá kòkòrò ti jẹ ẹ́, á tún ká a padà. Mo ṣàlàyé tán. Kò wojú mi. Ó ní, "Akọ̀wé, ta ló fi òkú hàn ọ́?"

Alága ní obìnrin kan ò lè dá ètò ìlú dúró. Àwọn àbúrò ọkọ náà ní ká kà á kíákíá. (Mo gbọ́ pé ilẹ̀ kan wà nídìí ìkánjú wọn. Mi ò dá sí i.)

Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ká kà á? Ẹ tún bá mi parí èyí: nínú mítíìnì, ẹnì kan sọ pé oṣù kọkànlá ni ìrántí sọ́jà, ẹlòmíràn ní oṣù kìíní. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n jà.

Bàbá_Sọ́bí

Ọmọ mi, àwọn méjèèjì ló jàre. Nígbà òyìnbó, ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá là ń ṣe é, torí agogo mọ́kànlá àárọ̀ ọjọ́ náà, ní 1918, ni ìbọn dákẹ́ nínú ogun àgbáyé àkọ́kọ́. Nígbà tó di ọjọ́ 15 oṣù kìíní 1970, Effiong, olórí Bìáfírà nígbà tí ogun abẹ́lé ń parí, kó àwọn èèyàn rẹ̀ wá túúbá fún Gowon ní Èkó. Ọjọ́ yẹn ni Nàìjíríà wá sọ di tirẹ̀. Tí ẹ bá ṣe tiyín lọ́jọ́ kejì Kérésì, kò sí ẹni tó máa tì yín mọ́lé.

Ẹ kàn sí àwọn Legion, ẹgbẹ́ àwọn sọ́jà tó ti fẹ̀yìn tì, kí wọ́n bá yín wá ẹni tó mọ fèrè fọn. Ẹ má fi gẹ̀ẹ́tà ṣe é o! Tí fèrè bá dákẹ́, kí ẹnikẹ́ni má já ọ̀rá bísíkítì létí èèyàn fún ìṣẹ́jú kan. Ẹyẹlé, ẹ lè tú u sílẹ̀ tàbí kí ẹ fi í sílẹ̀. Mo ti rí èyí tí wọ́n tú sílẹ̀ tó kọ̀ tí ò fò, tó ń wo ọ̀gá wa bọ̀ọ̀.

Ní ti Màmá: láàárín àwa sọ́jà, ọ̀tọ̀ ni orúkọ ẹni tó kú, ọ̀tọ̀ ni tẹni tí a ò rí. Mo ti wà níbi tí a ti pe orúkọ lẹ́ẹ̀mẹta tí kò sẹ́ni tó jẹ́ ẹ. A ò kọ "ó kú". Ẹ má kọ ọ́.

Ewé_Tuntun

Ẹ kà á jàre. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ibo ló fẹ́ wà?

Àfáà_Òkè_Ìmọ̀lẹ̀

Ewé Tuntun, o ò kí èèyàn kí o tó sọ̀rọ̀.

Mùsùlùmí ni mí, Ìlọrin ni mo wà. Nínú òfin Màlíkì tí a ń tẹ̀ lé níbí, ẹni tó sọnù, kádì ló ń dájọ́ rẹ̀, àti ti ìyàwó àti ti ogún. Kò sí lọ́wọ́ alága kọmítì, kò sí lọ́wọ́ àbúrò ọkọ. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí akọ̀wé rọra fi sínú àkámọ́ yẹn, mo rí i. Tó bá jẹ́ àdúà lẹ fẹ́ ṣe fún un, ẹ ṣe é, à ń ṣàdúà fún alààyè, à ń ṣe é fún òkú.

Ọmọ_Ìgbájà_London

Níbí, ọjọ́ Sunday kejì oṣù kọkànlá ni tiwọn. Bàbá òyìnbó tí mò ń tọ́jú kì í jẹ́ kí n simi lọ́jọ́ náà. Èmi ni màá lẹ òdòdó pépà pupa mọ́ kóòtù rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ gún.

Tí ìdílé míì bá wà tí ti Bọ́mà ò dé ní tiwọn, ẹ wá orúkọ rẹ̀ lórí ìkànnì Commonwealth War Graves Commission, ọ̀fẹ́ ni. Òkúta ìrántí kan wà ní Taukkyan ní Bọ́mà, tí wọ́n kọ orúkọ bíi 27,000 sí lára, àwọn tí wọn ò mọ sàréè wọn. Àwọn ọmọ Áfíríkà wà lára rẹ̀. Ogun abẹ́lé tiwa ò sí níbẹ̀ ṣá.

Àbẹ̀kẹ́_Akọ̀wé

Ẹ ṣé o. Mo tún padà lọ bá Màmá lánàá, pẹ̀lú iṣu méjì lọ́wọ́. Mo ní a ti yọ orúkọ náà. Ó bínú ju ti àkọ́kọ́ lọ! Ó ní ta ló ní kí n yọ orúkọ ọkọ òun nínú ìwé ìlú. Mo bẹ̀ ẹ́, mo bi í pé kí ni ká wá ṣe. Ó ní ṣebí èmi ni mo máa ń ka orúkọ àwọn tí kò lè wálé, kí n kà á mọ́ àwọn yẹn.

Mo ti kọ ọ́ síbẹ̀. Ó wà láàárín nọ́ọ̀sì wa tó wà ní Manchester àti bàbá kan tó ń wakọ̀ ní Kùmásí. Alága ò tíì rí i.