Pátákó abẹ́ àtẹ̀gùn: ṣé kí káfíńtà fọ́ ọ?

ÌyáKọ́lá_Peckham: Ẹ kú ilé o. Ọdún 1968 ni wọ́n kọ́ ilé wa. Káfíńtà ní £200 lòun máa gbà fọ́ pátákó abẹ́ àtẹ̀gùn. Ẹ̀rù asbestos bà mí, èròjà ilé àtijọ́ tí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́; mo ní kó dúró ná.

BàbáÌbejì: Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ dá a dúró, mà! 1999 ni Ìlú Ọba tó fòfin de asbestos tán. Ẹ má gbẹ́ ẹ, ẹ má gbálẹ̀ ibẹ̀. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ ẹ̀ ni kó gé bíńtín lọ fún àyẹ̀wò. Orúkọ àwọn tó ní láísẹ́ńsì láti yọ asbestos wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì HSE, àjọ ìjọba tó ń rí sí ààbò lẹ́nu iṣẹ́.

ÌyáKọ́lá_Peckham: Owó wọn ò ní pọ̀ jù?

BàbáÌbejì: Á pọ̀, mà. Ṣùgbọ́n ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ fi ayùn rẹ́ irú pátákó yẹn láìbo imú. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún kí mesothelioma, jẹjẹrẹ tí asbestos máa ń fà, tó yọjú. Èmi ni mo ń gbé e lọ sọ́sibítù.